Ìyá Rẹ Ni Ṣúgà Ń Bá Jà, Èmi Ni Mò Ń Gbẹ

Adéjùwọ́n ọmọ mi,

Mo kí ọ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kí ọkọ rẹ. Sọ fún Ìyanu pé eyín bàbá àgbà ṣì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Òrùlé wa jò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n Benson, ará ilé wa, ti bá wa tún páànù kàn.

Inú ń bí mi o! O ní kí ìyá rẹ yé jẹ búrẹ́dì funfun àti dòdò, torí wọ́n ń tètè gbé ṣúgà sókè nínú ẹ̀jẹ̀. O ní kó máa jẹ ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, tó ń rọra gbé e, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Èmi tára mi le ni ìyá rẹ ń fi oúnjẹ náà bọ́! Òun ń jẹ dòdò tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbẹ débi pé àwọn tá a jọ ru ẹrù ní Wharf wá gbàdúrà lé mi lórí.

Mo ní, "Ìyá Adéjùwọ́n, ta ni dókítà ní ó ní ṣúgà?"

Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Tí mo bá gbẹ, wọn á ní ẹ̀ ń febi pa mí."

Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ tí kò jinná, Adéjùwọ́n. Jọ̀ọ́, pè é lórí fóònù ibi iṣẹ́ Benson ní Creek Road, màá mú un lọ síbẹ̀, kó gbọ́ ohùn rẹ. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ní báyìí tí ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, ẹ̀rín ló ń rín.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o sunkún wálé.

Bàbá rẹ,
Ọládòṣù