Ọwọ́ Ṣáájú, Ohùn Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ṣọ́ọ̀bù Fídíò, Ẹ̀yìn Ọjà Àárọ̀,
Hoo-bue, Yun-lin,
Taiwan.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bi-hun,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Tainan? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn ẹja inú adágún wọn ṣe gbólóhùn asọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́, èyí tó máa ń mọ̀ pé òjò fẹ́ rọ̀ kí rédíò tó mọ̀? Ìyá mi ní orúnkún yẹn ni kí n kọ́kọ́ béèrè kí n tó sọ ohunkóhun. Ara tiwọn náà le, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bú mi bó ṣe yẹ.

Ẹ ní kí n kọ̀wé sọ bí eré ọjọ́ ìbí Matsu, òrìṣà òkun wa, ṣe lọ, torí pé oríṣiríṣi lẹ ti ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo wà níbẹ̀ gan-an, kò yé mi tán. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ẹ̀yin tí ẹ ti lu agogo idẹ lẹ́yìn Ọ̀gá Khoo nídìí eré ọmọlangidi wọn kí ẹ tó lọ ilé ọkọ máa lè là á yé mi.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ọ̀gá ní ọ̀fun lẹ́yìn ọdún tuntun. Ara wọn ti ń yá, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ, kò sì ní padà mọ́. Ohùn yẹn tó ń ṣe ọba, tó ń ṣe arúgbó, tó ń ṣe omidan tó ń sunkún, láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò ju eré ọmọlangidi kan lọ, èyí tí ọmọ wọn, Bun-hiong, gbà sílẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn nígbà òtútù, nígbà tí a kò tíì gbọ́ pé àìsàn kankan wà. Kámẹ́rà ló fi ya àwòrán. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ló gbé síwájú bàbá rẹ̀ fún ohùn. Àwọn àgbà tẹ́ńpìlì ní tí a bá lè so méjèèjì pọ̀ kó gún régé, àwọn á fi han Matsu àti gbogbo ìlú. Tí kò bá ṣeé ṣe, àwọn á pe ẹgbẹ́ míì wá láti ìlú kejì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹgbẹ́ míì kò ṣeré níwájú tẹ́ńpìlì yẹn rí. Bun-hiong wá gbé iṣẹ́ náà bá mi, nítorí èmi ni mo ń to fídíò ìgbéyàwó gbogbo àdúgbò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bun-hiong ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó parí. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: a ó wá ibi tí ọwọ́ ti kan ọwọ́ nínú àwòrán, a ó wá ibi tó ti dún "pá" nínú ohùn, a ó gbé ọ̀kan lé èkejì, ó parí. Orí kọ̀ǹpútà, ìlà tó ní òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ohùn máa ń jẹ́, àtẹ́wọ́ á sì yọ ṣóńṣó láàárín wọn. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bá ọwọ́ mu. Àtẹ́wọ́ ìparí bá ọwọ́ mu. Àmọ́ gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì rí rúdurùdu.

Ọmọlangidi tí à ń wọ̀ sọ́wọ́ kò ní ẹnu tó ń ṣí, orí àti apá ló fi ń sọ̀rọ̀. Balógun tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá á ti mirí, á ti na apá, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé. Omidan tó wà lọ́wọ́ Bun-hiong ní tirẹ̀ kò ní wàhálà kankan: ohùn dé, ó mirí. Tí mo bá fa ohùn síwájú, Balógun á dáa, omidan á bàjẹ́. Tí mo bá dá a padà, omidan á dáa, Balógun á bàjẹ́. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹnu kan náà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo yá kọ̀ǹpútà àbúrò ọkọ mi. Mo bú kámẹ́rà. Mi ò rí ẹni tó jẹ̀bi, nítorí àtẹ́wọ́ méjèèjì ṣì bá ara wọn mu ṣinṣin.

Bun-hiong ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo máa ń pẹ́. Bàbá ti sọ ọ́ títí pé ọwọ́ mi wúwo."

Mo ní, "Tìẹ ló dáa níbẹ̀. Ti bàbá ẹ ni ò dáa."

"Ti Bàbá kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn."

Nígbà tó sú mi, mo gé ohùn Ọ̀gá sí wẹ́wẹ́, mo sì ń fa gbólóhùn Balógun níkọ̀ọ̀kan títí ó fi bá ọwọ́ mu. Àwọn àlàfo tó wà láàárín, níbi tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan, mo gé wọn dànù. Ó wá ń dán gbinrin. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyá Bun-hiong ń ṣa ewé ọ̀dùnkún, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọn ò tilẹ̀ wo àwòrán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ọwọ́ dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá ni, Màmá."

"Ohùn wọn ni, àmọ́ kì í mí. Èèyàn wo ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹní ń da àgbàdo sílẹ̀ tí kì í mí?"

Mo ní mi ò gé ọ̀rọ̀ kankan kúrò, àlàfo lásán ni mo kó dànù. Kí wọ́n lè gbà mí gbọ́, mo fi èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn dún. Wọ́n fi ewé sílẹ̀, wọ́n wá gbé etí sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, àlàfo kọ́. Èémí ni. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó jìn. Ó kúrú níbẹ̀rẹ̀ eré, ó sì ń gùn sí i bí eré ṣe ń lọ. Ọwọ́ Ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbéra nígbà tó máa ń gbéra. Ohùn ni kò lè dìde kó tó mí. Bun-hiong kò mọ nǹkan kan, ohùn ló ń tẹ̀ lé ní tirẹ̀.

Ìyá Bun-hiong yíjú sí ọkọ wọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Bun-hiong, ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn."

Ọ̀gá ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń jẹ́ kí n máa se omi ọsàn fún yín bí ẹni tó ń wo ikọ́."

Èmi náà, dípò kí n dákẹ́, mo béèrè èwo ni kí n gbé fún tẹ́ńpìlì, èyí tí mo gé ni àbí èyí tí mi ò gé. Ọ̀gá fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin mọ ẹsẹ̀ yẹn, òun ló máa ń sọ fún ẹ̀yin onílù àti alágogo pé kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Mo fi èyí tí mo gé dún. Wọ́n mirí, wọ́n tún kilẹ̀. Mo fi ti àkọ́kọ́ dún. Wọ́n bọ́ táwẹ́lì tó máa ń wà lọ́rùn wọn láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n dà á bo ojú kọ̀ǹpútà mi.

Bun-hiong ní, "Àwòrán tí mo yà ni ò wù wọ́n." Ó fẹ́ ṣí táwẹ́lì náà, bàbá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. A ń wo ara wa bí ọ̀dẹ̀. Ọ̀gá wọ yàrá, wọ́n gbé Balógun jáde nínú àpótí, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n jókòó, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀.

Mo wá fi ohùn tí mi ò gé dún láìsí àwòrán. Nígbà tó dé ibi èémí, Balógun kò yára. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àyà, bí àgbàlagbà tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dun èèyàn. Ìgbà tí ohùn dé ló tó gbé orí sókè, àwọn méjèèjì sì jọ dìde. Ibi tí mo gé dànù gan-an ni wọ́n ti ń ṣeré. Mi ò lè purọ́ fún yín, mo sunkún. Ìyá Bun-hiong ti padà sídìí ewé wọn, ṣùgbọ́n ewé kan náà ni wọ́n ń ṣa títí.

Àwọn àgbà tẹ́ńpìlì kùn pé fíìmù làwọn bá wa sọ. Bun-hiong ní kí wọ́n lọ bi Matsu bóyá fíìmù ló fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìbí náà, kọ̀ǹpútà mi wà lẹ́yìn ìtàgé, táwẹ́lì lórí rẹ̀, ohùn Ọ̀gá ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ọ̀gá àti Bun-hiong dúró lábẹ́, wọ́n ń ti ọwọ́ sókè. Ọ̀gá tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ń dúró de ohùn ara wọn. Àwọn ìyá àgbà tó gbé àpótí ìjókòó wá ń bi ara wọn léèrè bóyá irọ́ ni wọ́n pa pé ọkùnrin yìí yadi.

Mo gbàgbé nǹkan kan ṣá. Mi ò gé àtẹ́wọ́ ìparí kúrò. Balógun sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tán, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́wọ́ tí Bun-hiong pa nígbà òtútù dún "pá" nínú ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn rò pé ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ ni, gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà kò retí rẹ̀. Wọ́n yí Balógun sí omidan ọwọ́ Bun-hiong, wọ́n sì mú un tẹríba kanlẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọmọlangidi ọ̀gá kì í tẹríba fún ti ọmọ iṣẹ́. Omidan pẹ́ gan-an kó tó dáhùn. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ohùn.

Nígbà tí ẹ wà lẹ́yìn wọn, tí ara wọn le, ṣé ọwọ́ àti ohùn máa ń jọ dé ni, àbí ọ̀kan máa ń ṣáájú? Mo ti wò ó títí mi ò mọ èyí tó tọ́ mọ́. Tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá kí mi báyìí, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò ní dáhùn, ó rò pé mò ń bá òun ṣọ̀tá.

Èyí tó tún dàrú mọ́ mi lójú jù lọ ni pé Ìyá Bun-hiong wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Wọn ò fẹ́ eré, wọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ èémí nìkan jáde, kí n tò ó pọ̀, kí n fi sórí fóònù wọn. Èmi tí mo kó o dànù, mo tún lọ ṣà á padà níkọ̀ọ̀kan. Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ fọwọ́ pa orúnkún yẹn fún mi. Tí ẹ bá rántí bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbọ́ èyí, tí kò gbọ́ tọ̀hún,
Giok-lan.