Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Tí Mo Kà fún Titus

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Nain, Labrador.
Oṣù Kọkànlá, ní ọ̀sẹ̀ tí etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Titus, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run alààyè tí ó dá ẹ̀mí mi sí di òní, tí ó sì fún ọwọ́ mi lókun láti di kálámù mú ní òwúrọ̀ tútù yìí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà ara àti ti ọkàn, kí orúnkún rẹ le, kí ojú rẹ mọ́lẹ̀ kedere, kí oúnjẹ ilẹ̀ àjèjì má sì ṣe da inú rẹ rú.

Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀. Ikọ́ tí ń bá a fínra nígbà ìwọ́wé ti fi í sílẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Boas tí ń tọ́jú pápá yìnyín tí a ti ń gbá họ́kì ti gbé àwòrán rẹ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ìyẹn èyí tí o ti wọ ìbòjú tí o sì na ìbọ̀wọ́ ńlá nì síwájú àwọ̀n. Ó kéde fún gbogbo ọmọdé pé ẹni tó bá ju róbà líle tí a fi ń gbá họ́kì lu àwòrán náà kò ní wọ bàtà yìnyín mọ́ láyé. Wọ́n ti jù ú lù ú ná. Ó ní ìwọ lo mú un, kò wọlé.

Titus, ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, ìwọ yóò ti máa tù mí nínú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí ọ. Mi ò fẹ́ kí a tù mí nínú. Mo fẹ́ kí o ka ohun tí mo ṣe sí ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí kò sí ohùn àgbàlagbà kankan létí rẹ tí yóò máa bẹ̀ ọ́.

O rántí òwúrọ̀ ọjọ́ tí o fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ. Ẹgbẹ́ họ́kì ńlá nì fẹ́ kí o fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, ti ọdún mẹ́ta, kí o wá di ọ̀kan lára àwọn aṣọ́lé wọn, àwọn tó ń dá róbà dúró lójú àwọ̀n. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà sì ní kí o wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, kí o máa ṣọ́lé fún àwọn. Òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá ti di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kò tún lè ṣọ́lé fún yunifásítì wọn mọ́. Ìyá rẹ fẹ́ ìwé kíkà. Aṣojú rẹ, tí ń bá àwọn ẹgbẹ́ dúnàádúrà fún ọ, fẹ́ kí o fọwọ́ síwèé, ó sì ní kí ọjọ́ náà má rékọjá kí o tó dáhùn. Ilé Ìyáàfin Thibault, tí ó gbà ọ́ sílé ní gbogbo ọdún tí o fi gbá họ́kì àwọn ọ̀dọ́ ní Quebec, ni o ti pè mí. Tíì ni mo ń sè lọ́wọ́.

Ohun tí o sọ wà létí mi títí di ìsinsìnyí. O ní, "Bàbá àgbà, mo ti rò ó títí, orí ti ń fọ́ mi. Méjèèjì dọ́gba lójú mi. Ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ohun tó bá sọ ni màá ṣe, tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n bínú."

Mo ní, "Ṣé kò sí ìwé náà lọ́dọ̀ rẹ ni?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ó wà. Ṣùgbọ́n èdè wa ti ń dẹtì lẹ́nu mi, Bàbá àgbà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́."

Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nárì ti kọ́ àwọn bàbá ńlá wa ní ìwé ni a ti ń ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé kèké ni wọ́n fi ń mú ẹsẹ Bíbélì ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, níbi jíjìnnà réré, tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kí ọwọ́ ènìyàn kankan má bàa sí níbẹ̀. Nítorí èyí ni ọkàn rẹ fi balẹ̀ láti gbé ayé rẹ lé e. Èmi tí mo jẹ́ alàgbà, tí mo ti ń dúró ka ìwé náà níwájú ìjọ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, èmi ni mo fi ọwọ́ sí i.

Mo ṣí ojú ìwé ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ń sọ nípa ìrì tó ń sẹ̀ sórí koríko. Kò sí lílọ níbẹ̀, kò sí dídúró. Mo fi ojú kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo wá ìdáhùn kiri inú rẹ̀, n kò rí i. Mo wá sọ fún ọ pé kí o dúró kí n wá awò ojú mi. Awò náà wà lójú mi, Titus. Bí o ti ń dúró dè mí ni mo ń ṣí ìwé kiri, títí mo fi dé ojú ìwé ọjọ́ kan nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí Olúwa ti ń sọ fún ìránṣẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó dìde kí ó máa lọ, pé Òun ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ohùn tí mo fi ń kàwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kà á fún ọ.

O mí kanlẹ̀. O ní, "Ó parí nìyẹn. Ẹ ṣeun, Bàbá àgbà." Kí oòrùn tó wọ̀, o ti fọwọ́ síwèé.

Bí o bá bi mí pé kí ló dé, mi ò ní fi àwọn ará ìlú bojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Boas dá mi dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Bàbá Renatus, ọmọ yín ń rò ó! Kí ló ń rò? Ẹ bá mi sọ fún un pé bébà ò dà bíi róbà, kì í fọ́ eyín ẹni. Kó kàn fọwọ́ sí i!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló ṣí ìwé náà. Ìbẹ̀rù mi ló ṣí i. Manasse, arákùnrin ìyá rẹ, lọ sí yunifásítì ní St. John's nígbà tí ó wà ní irú ọjọ́ orí rẹ, ó di ènìyàn ńlá, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wá sílé nígbà Kérésìmesì, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè kí mi ní èdè mi. Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń gbá họ́kì máa ń padà sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ kí o máa wá bá mi kó àwọ̀n ẹja. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo fi orúkọ Ọlọ́run pe ìfẹ́ inú ara mi.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn afọnfèrè idẹ gun orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti ń ṣe ní òwúrọ̀ Àjíǹde, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọn orin ìdúpẹ́ nítorí rẹ. Mo gun òkè pẹ̀lú wọn, mo gbé fèrè mi sẹ́nu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Boas kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ayọ̀ ti gbẹ yín lẹ́nu! Ẹ fi ọ̀rá ẹran òkun séálì pa ètè!" Ìlú ń dúpẹ́ pé àdúrà alàgbà ló gbé ọmọ wọn dé ibi gíga. Èmi sì ń wo bàtà mi.

Títí di ìgbà náà, mo ń rọ ara mi pé bóyá Olúwa lè lo ọwọ́ wíwọ́ pàápàá. Lẹ́yìn náà ni o pè mí ní oṣù tó kọjá. O ní wọ́n ti fi ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kékeré ní ìsàlẹ̀ gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín kò ti sí àfi èyí tí ẹ̀rọ bá ṣe. O ní aṣọ́lé mìíràn ni wọ́n ń lò. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí n máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń wọ pápá àtàwọn tó ń jáde, Bàbá àgbà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣí gan-an." Mo rẹ́rìn-ín nítorí mo rò pé o ń dápàárá. Ìgbà náà ni ohùn rẹ yí padà. O ní, "Tí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá ti sọ fún wọn pé mò ń lọ sílé. Mi ò rí oorun sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá sá kúrò níbi tí Ọlọ́run fẹnu ara rẹ̀ rán mi lọ?"

Àyè jíjẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mú sùúrù, ọmọ mi." Bí mo ti gbé fóònù kalẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti tì ọ́ mọ́lé. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti ìbẹ̀rù wá. Èkejì, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é.

Ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ń la ẹja lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ẹsẹ̀ fi kú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, torí pé mo yọjú wo ọ̀rọ̀ ti ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ tó mọ́! Ẹ̀yin náà nìyí?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mo fi ìrora gbà pé Ọlọ́run ló kọ̀ fún mi kí Titus lọ kàwé. Mo bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó dárí jì mí torí mo ń kùn. Èmi tí ẹ̀yin kọ̀ fún!" Mo bá a kó egungun ẹja jọ.

Mo lọ bá àwọn alàgbà yòókù, mo sì ní mi ò tún yẹ lẹ́ni tó ń dúró ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ níwájú ìjọ. Hulda, tí ó dàgbà jù wá lọ, ni ó fèsì. Ó ní, "Ó dáa, Renatus, èmi ni màá máa kà á. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa dáná ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, má rò pé ìrònúpìwàdà gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ igi." Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe.

Wàyí o, gbọ́ èyí tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ọlọ́run kò rán ọ lọ sí ibi tí o wà. Kò sì ní kí o má lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ó dákẹ́ nítorí ó wù Ú kí o fi orí tí Ó fún ọ yan èyí tí o bá fẹ́, èmi ni mi ò jẹ́ kí Ó dákẹ́. Ìyá rẹ ti bá aṣojú rẹ sọ̀rọ̀. Aṣojú náà ní bí ìwọ àti ẹgbẹ́ náà bá jọ fẹnu kò, a lè tú ìwé àdéhùn náà. Yunifásítì Amẹ́ríkà yẹn ti kọjá lọ, n kò sì lè dá a padà fún ọ, èyí ni yóò máa dùn mí títí màá fi wọlé lọ bá àwọn bàbá mi. Ṣùgbọ́n aṣojú náà ní àwọn yunifásítì ti Kánádà ṣì máa ń gba ẹni tó ti fọwọ́ síwèé rí. Bí o bá jókòó síbẹ̀, kí ó jẹ́ pé dídá róbà dúró lójú àwọ̀n ṣì ń mú inú rẹ dùn. Bí o bá sì dìde, ẹnikẹ́ni kò lè pè ọ́ ní ìsáǹsá, kì í ṣe níwájú mi. Má ṣe wá àmì kankan nínú lẹ́tà mi. Mo ti fún ọ ní àmì tó pọ̀ jù.

Kí Ọlọ́run tí kì í purọ́ pa ọ́ mọ́ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Kí Ó dá oorun rẹ padà fún ọ. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí àìṣòótọ́ mi di ohun ìkọ̀sẹ̀ láàárín ìwọ àti Òun. Mo tọrọ ìdáríjì rẹ, n kò sì dá ọjọ́ fún un.

Èmi ni bàbá ìyá rẹ, tí ó fẹ́ràn rẹ lọ́nà tí kò tọ́,

Renatus.

Àfikún: Ìjì yìnyín kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú balẹ̀, lẹ́tà yìí sì wà lórí tábìlì nígbà tí o pè láàárọ̀ yìí. O ní kí n ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ fún ọ, torí wọ́n ní ìwọ ni yóò ṣọ́lé lónìí. Ẹnu mi kọ̀ láti kà á kí n tó jẹ́wọ́. Mo sáré sọ gbogbo rẹ̀, mo ń kólòlò bí ọmọ ilé ìwé. O ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n bínú ná. Mi ò ní bú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bínú." Mo ní ó tọ́ sí ọ. O kò béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ mọ́, o gbé fóònù kalẹ̀, o lọ wọ bàtà yìnyín rẹ. N kò tíì bi ẹnikẹ́ni bí eré náà ṣe lọ, n kò sì ní bi wọ́n. Mo ṣì ń fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, nítorí ohun tí mo sọ lórí fóònù kò tó. Bínú títí yóò fi tán, ọmọ mi, mi ò ní kà á sí ọ lọ́rùn láé. Kí Olúwa bùkún ilé tí o ń gbé, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń jẹun níbẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí àlàáfíà bá gbogbo yín sùn, kí ó bá gbogbo yín jí.