“Kò Sí Ìdíwọ́, Ṣẹ́fù”

Bàbá mi tí mo fi ojú jọ,

Ó ti pẹ́ tí mo ti bá yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn láti ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ èyí fún kí ojú má tì mí. Mo ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ kan. Mulikátù lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gé aṣọ fún wa níbi iṣẹ́. Mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi, wọ́n sì lé e lọ sílé nítorí mi. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, títí di ọjọ́ Àbámẹ́tà tó kọjá yìí mi ò mọ bí àgbàlagbà ṣe ń bẹ ọmọdé. Mi ò rí i lọ́wọ́ yín rí. Àbí ẹ máa ń bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nígbà tí èmi ò sí níbẹ̀?

Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fi mí ṣe ṣẹ́fù. Ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ ni, ní àdúgbò Koumassi níbí, kò jìnnà sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín wà. Mọ́kànlá ni wá. Ọmọ Èjìgbò, ọmọ Kétu, ọmọ Sákété, àti Kòfí tó jẹ́ Baúlé, tó ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi ṣépè. Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Tantí ló ni iṣẹ́ náà. Òun ló ní kí n máa darí àwọn tó kù. Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí, torí ìwé mi ò kọjá lycée, ilé ìwé girama onífaransé tí ẹ rán mi lọ, mo sì máa ń rò pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á yọjú, á ní kí n dìde lórí àga tí kì í ṣe tèmi.

Nígbà tó yá, Tantí ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní Plateau, àárín ìlú wa níbí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀, mo ra bírò tuntun. Obìnrin kan tí mo lè bí ló kọ́ wa. Agilité ló pe ẹ̀kọ́ náà, èmi túmọ̀ rẹ̀ sí ara yíyá. Ó ní ká má ṣe máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tán ká tó mọ̀ pé ó wọ́. Ká ṣe díẹ̀, ká gbé e fún ẹni tó máa lò ó, ká gbọ́ tẹnu rẹ̀, ká tún un ṣe, ká tó tẹ̀síwájú. Ó ní láràárọ̀ kí gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ lórí ìdúró, kí kálukú sọ ohun tó parí lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ó ní kí olórí máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára.

Mo dé, mo kan pátákó mọ́ ògiri, mo lẹ pépà aláràbarà mọ́ ọn. Bàbá, ẹ bá wá wo àárọ̀ wa.

“Rájì, kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?”

“A dúpẹ́, ṣẹ́fù.”

“Sídí ńkọ́?”

“Kò sí ìdíwọ́, ṣẹ́fù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró.”

Àwọn obìnrin á kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Kòfí náà kọ́ ọ, ó ń dọ̀bálẹ̀ ju àwa tá a ni ín lọ. Ta ni nínú wa tó máa dúró níwájú àgbà láàárọ̀ kùtù, kó máa ka ìṣòro? Ẹni tó bá kí ọ pé ṣé dáadáa lo jí, ṣé egbò lo máa ṣí hàn án? Ìkíni la sọ ìbéèrè yẹn dà. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mo lọ sọ fún Tantí pé àwọn èèyàn mi ò ní ìdíwọ́ kankan, ó sì yìn mí.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì dé. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ aṣọ tuntun fún gbogbo wọn. Mo ṣe bí obìnrin yẹn ṣe kọ́ mi, a kọ́kọ́ rán márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ni mo gbé e lọ, nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní ó dára. Àwọn nọ́ọ̀sì tó máa wọ̀ ọ́, orí àtẹ̀gùn ni mo ti pàdé wọn, mo kí wọn, mo kọjá lọ. Kí ló dé tí mi ò dúró? Mò ń bi ara mi títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin náà máa ń wí pé oníbàárà mọ ara rẹ̀ lásán ni, télọ̀ ló mọ aṣọ. Bóyá ìyẹn ló ń ro létí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mulikátù wọ ọ̀kan nínú aṣọ náà wá sáàárín wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ṣẹ́fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Abíyá rẹ̀ há. Tí mo bá nawọ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ ló ń bá mi gòkè. Nọ́ọ̀sì sì máa ń gbé aláìsàn.”

Bàbá, èmi ni mo ya pépà ìwọ̀n tó fi gé e. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí abẹ́rẹ́ ti ń gún mi lọ́wọ́, ṣé wọ́n tíì bí ìyá ẹ?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rájì ní, “Mulikátù ti di nọ́ọ̀sì o! Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi, ẹ bá mi wá oògùn!” Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kàn án, ó kúnlẹ̀.

“Kò sí ìdíwọ́, ṣẹ́fù.”

A rán gbogbo rẹ̀, a kó o lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a padà sínú àpò, abíyá rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò pé. Àwọn nọ́ọ̀sì kan kọ̀, wọ́n ní tàwọn dára, àwọn ò ní bọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó dára yẹn ṣèèṣì bá èyí tó ya wá. Nígbà tí mo yí i sódì, mo rí aṣọ pélébé kan lábẹ́ abíyá, ó rí bí ewé, wọ́n rán an mọ́ ọn dáadáa. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Mo pe Kòfí.

Kòfí ń wo ilẹ̀. Ó ní bí mo bá ti lọ jẹun ọ̀sán, Mulikátù á tú abíyá, àwọn tó kù á bá a fi aṣọ pélébé yẹn kún un. Àyè ò gbà wọ́n láti ṣe gbogbo rẹ̀. “A ò fẹ́ kójú tì yín, ṣẹ́fù.”

Mo jókòó. Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo rí. Ọdún tí ẹ lò kẹ́yìn nídìí maṣíìnì, ìlà ìránṣọ yín ti ń wọ́. Èmi àti Làmídì, ọmọ iṣẹ́ yín, á dúró kí ẹ lọ kírun, a ó tú u, a ó tún un rán, a ó dá a padà síbi tí ẹ fi í sí. Ọdún kan gbáko. Kò sẹ́ni tó ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú. A pè é ní ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan yin ọwọ́ Làmídì níwájú yín lórí aṣọ tí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ rán, ẹ fi téèpù kọ́ ìṣó, ẹ ò sì mú un mọ́. Ẹ ò bá mi wí. Ojú tó lọ yẹn ló dùn yín jù ni, àbí ohun tí àwa ṣe? Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ ò bá fi rúlà gbá mi? Ṣé ẹ ò bá sì ríran pẹ́ díẹ̀ sí i?

Ẹni tó mọ ìyẹn, ẹ gbọ́ ohun tó tún ṣe. Tantí wọlé, ó béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Ohun tó jáde ni, “Ẹ bi ẹni tó gé e.”

Mulikátù dúró síbẹ̀. Nínú àwọn tó kù, ta ló máa já ṣẹ́fù nírọ́? Tantí ní kó máa lọ sílé títí òun á fi ránṣẹ́ pè é. Kó tó jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ó dàbọ̀, ṣẹ́fù.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbé e sáyà. Láràárọ̀, bí ìbéèrè yẹn bá dé ibi tí Mulikátù máa ń dúró sí, á fo kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá Tantí, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ tí mo ní kí ẹ lọ kọ́ ní Plateau, ṣé pátákó nìkan lẹ rí gbé bọ̀?”

Ó ní kí n lọ pe Mulikátù fúnra mi. Ó ní ipò mi, òun ò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe sí i.

Ní Àbámẹ́tà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò Niangon, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rẹ̀ ké, ó fà mí lápá: “Háà! Bàbá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi gba èpè ni?” Mulikátù ò fà mí. Ó gbé àga wá, ó pè mí ní tọ́ńtọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni níbí.

“Tọ́ńtọ́n, ẹ jókòó. Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ká ní wọn ò dá aṣọ yẹn padà, ṣé ẹ máa wá síbí?”

Bẹ́ẹ̀ ni ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

“Rárá,” ni mo wí.

Ó mi orí. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí, ẹni tó ni ín kéré sí òun lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bi òun kó tó gé nǹkan. “Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò padà, tọ́ńtọ́n.” Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀ èrò wórò-wórò, ó dúró títí ọkọ̀ fi kún.

Lónìí Ajé, a pé jọ lórí ìdúró. Mo sọ fún wọn pé Mulikátù ló tọ̀nà, pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé mo purọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo wọn. Wọn ò wò mí. Mo wá béèrè ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, mo pa ẹnu mi dé. Rájì ń fi eyín gé èékánná. Ẹnì kan wúkọ́. Ó pẹ́ débi pé mo fẹ́ ní ó tó, kí kálukú lọ sídìí iṣẹ́. Kòfí ló sọ̀rọ̀. Kò dọ̀bálẹ̀.

“Ṣẹ́fù, a ò ní ẹni tó mọ aṣọ gé mọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ jù kó tó la ẹnu.