Òdòdó Rẹ Ti Yọ, Má Tíì Fọwọ́ Síwèé Wọn

Akọ̀bí mi obìnrin,

Mo kí ọ o. Bí o bá jí, wàá jí sáyọ̀. Bí o bá jáde, wàá bá ojúrere pàdé. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ kò ní sọ pé òun ń lọ sílé lọ rò ó ná. Àmín. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bí iṣẹ́ bá délẹ̀, tí kì í dùn ún bí àlejò bá dé. Ìkíni tó báyẹn, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Òdòdó ọ́kíìdì rẹ ti tanná! Mo ní ó ti tanná! Láàárọ̀ yìí ni ọ̀kan là gbàgàdà, elésè àlùkò, àárín rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé, àwọn yòókù sì tò tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀pá, wọ́n dijú pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín. Nítorí náà, ìwé iṣẹ́ tí ọ́fíìsì yẹn fún ọ, tí o ní wàá fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ẹtì, má fọwọ́ sí i. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí o gbé òdòdó yìí wá. O ní ó ti sú ọ láti máa fi ọ́kíìdì ṣe ilé onílé lọ́ṣọ̀ọ́, pé àwọn oníbàárà ń sọ pé ó lẹgẹ́ jù, kò lè gbé ilé ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé òdòdó. O ní bí eléyìí bá lè tanná lọ́wọ́ èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, o ò ní ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí kò bá sì tanná, o di akọ̀wé nìyẹn. Ó dáa, ó ti tanná.

O mọ̀ pé mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ okòwò kí n tó máa darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, mi ò kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Ọjọ́ tí o lọ ni mo gbé e sórí tábìlì àárín pálọ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, mo fa kọ́tìnì kí eruku má bàa bà lé e. Ó kọ̀. Ewé rẹ̀ rọ bí etí ewúrẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ: kò sí iyẹ̀pẹ̀ kankan nínú ike rẹ̀, èèpo igi lásán ló kó sí i, gbòǹgbò sì ń yọ síta bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kúbùsù rẹ̀ kò tó. Mo ti gbé ìgbẹ́ adìyẹ dé láti dóòlà ẹ̀mí rẹ̀, ìyá rẹ ló dì mọ́ ike náà, ó ní bí mo bá fẹ́ pa á, kí n kọ́kọ́ pa òun.

Ìgbà náà lo pè wá lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, tí o pariwo pé kí la ń fi í ṣe nínú òkùnkùn, pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló ń fẹ́, kì í ṣe oòrùn gangan, o sì fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ hàn wá. Há! Ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ roro! Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó kù. Ọmọ ìlú ńlá ni òdòdó yìí, ìmọ́lẹ̀ ìlú ńlá ló mọ̀. Bí fóònù bá lè gbé ojú rẹ wá débí, kí ni kò ní jẹ́ kó gbé ìmọ́lẹ̀ wá? Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ojú fèrèsé yàrá wa níhà ìlà oòrùn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, nítorí náà mo gbé òdòdó lọ síbẹ̀, mo gbé fóònù tì í, mo kọjú wọn síra. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé lo máa ń rí bí o bá pè láàárọ̀. O rò pé mi ò mọ fóònù dì mú. Mo mọ̀ ọ́n dì mú. Ọjọ́ tí mo ní kí o kúrò lójú fèrèsé, kí o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o bínú, o ní ṣé mi ò fẹ́ rí ọ ni. Ìwọ lo dínà oúnjẹ mọ́ ọn, ọmọ mi!

Kò pẹ́, ewé tuntun yọ, lẹ́yìn náà ọ̀pá òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í nà jáde. Ìyá rẹ ní fèrèsé wa ló ṣe é. Mo bi í pé ṣebí fèrèsé yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti kọ́lé, òdòdó wo ló ti yọ níbẹ̀ rí? Ó kàn ní mo ti fẹ́ ìyàwó kékeré, pé òun ti di ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ewé. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣùgbọ́n òun náà ló ń fi aṣọ tútù nù ún.

Ohun mìíràn tún wà. Ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ike náà, tí wọ́n ya onígun mẹ́rin dúdú wínníwínní sí, irú èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń na fóònù sí, tí o kò sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀, mo ti tú u. Ètò bí a ṣe ń to òdòdó sára ògiri ni: ibi tó dúdú, gbé ike sí i; ibi tó funfun, fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó yà á mọṣẹ́! Káfíńtà ti kan ìdajì rẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní òun ò kan irú pẹpẹ báyìí rí, pé àbí ẹyẹlé la fẹ́ sìn. Mo ní kó máa kàn án lọ. Télọ̀ tó wà lójú títì wa ti wá wo òdòdó, ó lóun fẹ́ ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì náà ní tòun dà, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun fẹ́ gbé tòun sí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní bí èmi bá lè ṣe é, ta ni kò ní lè ṣe é? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ni. Kí lo tún ń dúró dè?

Fóònù ti gbẹ láti alẹ́ àná, dátà tán, oúnjẹ àná ni òdòdó fi tan eléyìí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, mo sì ti kìlọ̀ fún awakọ̀ tó mú un wá kó má yà níbì kankan. Fi owó dátà ránṣẹ́ kíákíá. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, òdòdó ni. Àwọn tó kù ṣì dijú. Bí o bá wọ ọ́fíìsì yẹn, níbo lo ti fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ fi ránṣẹ́? Ìwọ fúnra rẹ lo ní yàrá tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ sí kò ní fèrèsé.

Ìyá rẹ ní kí n má kọ èyí, mo sì fẹ́ kọ ọ́. Láràárọ̀ tí o bá ń pè, yóò ní ewé lòun wá nù, bí mo bá sì ti yíjú, yóò rọra yí fóònù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo ń rí i. Láàárọ̀ yìí tí ìpè rẹ kò wọlé, ewé mọ́ tónítóní, ó ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò tanná. Ibi tí wọ́n ti ní kò lè yọ gan-an ni yóò ti yọ. Orí rẹ kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ ọ́. Bí dátà bá ti wọlé, pè wá láàárọ̀, má sì dúró lójú fèrèsé. Ó dáa, dúró díẹ̀, nítorí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.