Ìdí Tí Ẹ Fi Máa Ń Sá Kúrò Lórí Ìtàgé

Bàbá mi àtàtà,

Nínú eré wa ní Sakété, ọba kọ̀, kò kú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tó bù mọ́ ọn.

Èmi ni wọ́n fún ní ipa aríran lẹ́yìn tí ẹ lọ. Fìlà yín ni mo dé. Ó ń bò mí lójú, ìyẹn sì bá ipa náà mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́. Igbá tó yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ olorì kó sì fọ́, kí èrò lè fura pé ikú ń bọ̀, ọ̀gá eré ti fi abọ́ rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Abọ́ náà bọ́ lóòótọ́. Ó ta sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró lẹ́sẹ̀ ìyá kan níwájú, ìyá náà sì dá a padà tìfẹ́tìfẹ́.

Mo wá jáde, mo sọ ọ̀rọ̀ yín bó ṣe wà: Kábíyèsí, ọwọ́ tó ń bu omi fún ọ ni yóò pa ọ́. Mo dúró díẹ̀ kí ó wọ̀ wọ́n lára. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ìyá tó dá abọ́ padà dìde. "Aríran, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́?"

Bàbá, kò sí ìdáhùn yẹn nínú eré. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti tán.

"Aríran tó rí ikú tí kò rí àbáyọ," ni àgbẹ̀ kan láti Yoko wí, "olófòófó lásán ni."

"Àbẹ́là méje," ni ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan wí. "Kó má sì gba omi lọ́wọ́ ẹbí títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí." Ó ti ń wá àbẹ́là nínú báàgì rẹ̀.

Rasaki, sémíjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló ń ṣe ọba. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ bí a ṣe ń kú. Nígbà tí àbúrò ọba gbé omi májèlé dé, gbogbo èrò ní, "Má mu ún." Ọmọlúàbí ni Rasaki, kò lè já àgbà kulẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Àbúrò ọba nìkan ni kò rí sémíjàn tó gbà láti gbé e.

Ọ̀gá eré ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní Pọbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, àna òun ni yóò dé fìlà yín.

Ni mo bá ṣí kayé, ìwé tí ẹ fi ń kọ́ eré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ náà, ẹ fi kálàmù bíìkì pupa kọ ọ́ pé: Sọ ọ́. Má wo ojú wọn. Sá.

Gbogbo ọdún tí mo fi ń wò yín tí ẹ ń sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé, mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n yín. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ foríjì mí.

Ṣé ohun tí ẹ ṣe nílé ìwòsàn náà nìyẹn? Ẹ ní kí Màmá má jẹ́ kí ẹyìn ọ̀pẹ wa jẹrà, ẹ ní kí n máa gbọn eruku ara fìlà yín, ẹ sì kọjú sógiri. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo padà, kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Lórí ìtàgé, àmì a máa ṣíwájú ikú. Nílé wa, ẹ̀yìn ìsìnkú ló dé. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ìta-Ìjẹ̀bú ní àkùkọ òun kọ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ lọ. Ojoojúmọ́ ni àkùkọ yẹn ń kọ lọ́sàn-án. Èmi ni mi ò rí nǹkan kan. Mo rò pé eruku ni ẹ ń sọ. Kí là bá fi yẹ̀ ẹ́, Bàbá?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá sọ ọ́, mi ò ní wo ojú Màmá tí yóò jókòó níwájú, màá sì sá. Rasaki gbọ́dọ̀ kú, ìyàwó rẹ̀ ti pe ẹbí wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé, màá dúró níbi tí ẹ máa ń dúró sí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí fìlà yín ṣì tóbi jù fún.