Bàbá mi, mo ti pààrọ̀ fáànù kọ̀ǹpútà yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà, mo sì ń bínú sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń gbé e káàkiri ilé bí ẹni gbé omi gbígbóná tí kò ríbi sọ̀ ọ́ sí.

Kọ̀ǹpútà yín ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo rí iṣẹ́ kan tí mo ń ka ìwé Yorùbá sínú máíkì nínú yàrá yín, fún àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ìwé ju kí wọ́n kà á lọ. Iṣẹ́ tó dáa ni, inú yín ìbá dùn sí i. Àmọ́ àwọn tó gbà mí síṣẹ́ dá orí ìwé mẹ́ta padà fún mi, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìn ohùn mi. Ẹ̀rọ ìlọta kọ́. Fáànù kọ̀ǹpútà yín ni, àwọn méjì tó máa ń mú ṣíbí jó nínú ife tíì lórí tábìlì. Ẹ mọ bí mo ṣe bẹ̀ yín tó lórí wọn. Ẹ ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí irin náà, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé bí àwọn tó fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìṣó ní Ṣàngó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo tú ẹ̀yìn àpótí náà, mo fi rúlà wọn ibi tí fáànù ń gbé, láti ihò síkúrù kan sí èkejì. Mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀ dáadáa, mo gbéra lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Wàsíù, ẹni tó máa ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàngó. Ó wo nọ́ńbà mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Sístà, kò sí size yìí láyé o. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọn fáànù, kì í ṣe ihò sí ihò. Eighty millimetre ni ti ẹ̀yìn, one-twenty ni ti iwájú. Àpótí àtijọ́ ni, ẹ má fipá ki ńlá bọ̀ ọ́."

Ó kó fáànù sílẹ̀ fún mi lórí káńtà. Ó ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí wọn níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè yí, á gbé e sétí, á sì nà án sí èmi náà kí n gbọ́. Àwọn tòkunbọ̀ ń ha bí ẹni ń fi irin fọ ìkòkò. Àwọn tuntun tó dáa ń yí láìsọ nǹkan kan. Ó ní fáànù ńlá tó ń rọra yí sàn ju kékeré tó ń sáré lọ, torí eré ló ń pariwo. Torí pé ti ẹ̀yìn kò lè tóbi, ó bá mi wá èyí tí kì í sáré rárá. Ó fún mi ní rọ́bà tí màá fi dè é dípò síkúrù, kí irin má baà máa bá a gbọ̀n. Mo ń gbádùn ara mi, mo wá fi ṣàwàdà pé ṣé irú èyí wà tó fi lọ kó èyí tó ń pariwo bí ẹni ń lọ òkúta sínú kọ̀ǹpútà bàbá mi.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Baba fúnra wọn ló ní kí n fi i. Silent ni mo kọ́kọ́ fi fún wọn, ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e padà. Wọ́n ní èyí tó ń gbọ̀n làwọn fẹ́, kí àwọn lè máa fọwọ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣebí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kú tí wọn ò gbọ́, tí power pack fi jóná. Etí wọn... Sístà, àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀, Bàbá. Etí òsì ti dí pátápátá, ọ̀tún ku díẹ̀, ariwo ilé iṣẹ́ ìṣó ló jẹ wọ́n, ẹ sì mú Wàsíù búra pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta fáànù. Ẹ kò sọ fún ọmọ tó ń se ọbẹ̀ yín.

Láti ìgbà tí màmá ti kú, èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà nílé ní Alápòtì. Báwo lẹ ṣe rí i ṣe? Ẹ kọ́ mi pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kì í sì í ké pe àgbà láti yàrá kejì, iwájú ló máa ń wá. Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò wí! Àṣé ẹnu mi lẹ ń wò. Ẹ ní fóònù ń mú orí yín gbóná, mo di ẹni tó ń bá yín dá gbogbo ayé lóhùn. Bí mo bá pè yín lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ kò dáhùn, mo máa ń fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn náà?

Gbogbo ìyẹn, bóyá n bá gbé e mì. Ti Bàbá Alága ni kò gba ọ̀fun mi kọjá.

Ẹ̀yin ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, òun ni alága. Ní ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn ayé yín, ẹ kò lọ sípàdé mọ́. Ẹ ní ó fi yín wọ́lẹ̀ lójú gbogbo onílé, ẹ kò sì ní jókòó níbi tó bá wà mọ́ láéláé, àmọ́ kí iṣẹ́ àdúgbò má baà bàjẹ́, kí n máa bá yín lọ kọ ohun tí wọ́n bá sọ wá, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo lọ. Oṣooṣù ni mo ń lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lórí itan. Mi ò kúnlẹ̀ kí bàbá yẹn dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Màá tẹ orúnkún kan díẹ̀, màá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ yín, ó wá pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bá mi kẹ́dùn. Mo wò ó, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó dúró síbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi wá mú un lọ jókòó.

Kò wọ́ yín nílẹ̀ rí. Ẹnu Wàsíù ni mo ti gbọ́ ìyẹn náà, ẹ sì ti fẹnu ara yín sọ ọ́ fún un: táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nípàdé, ẹ kì í gbọ́ nǹkan kan, ẹ sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ yín, torí akọ̀wé wo ni etí rẹ̀ dí? Ẹ wá irọ́ kan, ẹ gbé ẹrù rẹ̀ lé àgbàlagbà kan lórí, èmi lẹ sì ní kí n máa bá a jà. Bàbá, ǹjẹ́ mo kọ iṣẹ́ yín rí? Ẹ bá ní kí n lọ, n bá lọ. Ẹ bá ní etí ń dùn yín, n bá sáré lọ. Kí ló dé tó jẹ́ ìkórìíra lẹ fi rán mi níṣẹ́?

Mo gbé fáànù wálé, mo tò ó fúnra mi. Ọfà kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń fi ibi tí atẹ́gùn ń kọjú sí hàn, mo wò ó kí n má baà fi kọjú sódì. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó dákẹ́ débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ wo iná rẹ̀ bóyá ó tàn lóòótọ́. Ibi tí mo ń wá látọjọ́ yìí ni mo dé yẹn, mi ò sì lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo sínú máíkì. Mo dìde, mo gba ilé Bàbá Alága lọ.

Orúnkún méjèèjì ni mo fi kúnlẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tó fi bi mí léèrè.

"Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún Akọ̀wé? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ara mi wò, mi ò rí i. Ṣé ó dárí jì mí kó tó lọ?"

Bàbá, irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi. Kí n ṣáà ní ẹ ti dárí jì í. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, àṣírí yín á bò, ìtìjú kò ní bá ẹnikẹ́ni. Mi ò lè sọ ọ́. Mo sọ òtítọ́ fún un, látorí etí dórí fáànù. Ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó gbọ́ jù lọ ni mo tú yín fún. Bí ẹ bá pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, mo gbà, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Bàbá Alága ń mi orí ṣáá. Ìgbà tó yá ló ní kí n mú òun dé ibojì yín, torí òun kò débẹ̀ rí, òun rò pé ẹ kò fẹ́ rí òun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo mú un wá. Mo rò pé á ṣàdúà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ká ẹnu, ó sì kígbe débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró wò wá.

"Akọ̀wé! Èmi Alága ni o! A ò jà o! Ṣé ẹ gbọ́? A ò jà!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké e. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mi ò ní kó rọra. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà láyé pẹ̀lú etí yẹn, ẹnì kan kò bá yín sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí tìfẹ́tìfẹ́, torí pé ẹ kò jẹ́ ká mọ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín gidigidi, tí kò sì tíì lè dárí jì yín.