Àbùlà Ni Ẹ̀rọ Rẹ Ń Mu

Mùsúdù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n kí Ọláídé aya rẹ náà, kí n sì béèrè bóyá ìròyìn ayọ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà. Ara wa le. Iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, karosíìnì tí mò ń tà sì ń lọ, nítorí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èmi Bádrù kì í bu nǹkan kan lù ú.

Àwọn ará ilé kò yéé béèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Fẹ́sítààkì. Mo sọ fún wọn pé àwọn olówó ibẹ̀ a máa fọwọ́ ara wọn gbin koríko síwájú ilé, tí ó bá wá hù tán, wọn a bẹ̀ ọ́ kí o wá gé e. Wọn kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Àjíkẹ́ ní ṣé kò sí irúgbìn àgbàdo lọ́jà Agbójú tó wà nítòsí yín ni.

Ẹ̀rọ ìgéko tí o fi rán awakọ̀ láti Máìlì Tú dé láìfọ́. Mo ti ṣèlérí fún Lèmọ́ọ̀mù pé òun la ó fi gé gbogbo yídì kí Iléyá tó dé, pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pọ́n àdá. Mo ka ohun tí o kọ nípa ìtọ́jú rẹ̀. O ní kí n máa gbọn eruku kúrò níbi tí ó ti ń mí, mo ṣe é. O ní kí n tú púlọ́ọ̀gì, mo tú u, mo nù ún mọ́ bí eyín. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí n bu ọ́ìlì lu bẹntiróòlù kí n tó rọ ọ́ sí i, mo pa lẹ́tà náà dé, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan gbọ́. Mùsúdù! Ọmọ tí mo fi karosíìnì tí kò lábùlà tọ́!

Mo fún ìyá rẹ ní ọ́ìlì náà, ó fi pa ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò han mọ́. Bẹntiróòlù gidi ni mo rọ. Ẹ̀rọ náà ké tayọ̀tayọ̀, ó gé yídì dé ìdajì, àwọn ènìyàn ń ṣàdúrà fún ọ, àfi bí ó ṣe han gooro, tí ó rú èéfín, tí ó sì dákẹ́. Mo fa okùn rẹ̀ títí, okùn kò wá.

Lèmọ́ọ̀mù ní Bàbá Mùsúdù, irun kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yín ti foríkanlẹ̀, kò sì gbérí mọ́. Àwọn tí mo ní kí wọ́n má pọ́n àdá ló fi àdá kíkú gé ìyókù, wọ́n ń wò mí níwòkuwò.

Rùfáì tí ń tún alùpùpù ṣe bá mi tú u. Ó ní písítìnì ti gan mọ́ inú ilé rẹ̀, pé ọ́ìlì inú bẹntiróòlù yẹn ló ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin, kò sì níbòmíràn tí ó ti ń rí i mu. Ó ní ẹni tó bu epo sẹ́fọ̀ọ́, ṣé ó ṣàbùlà ni? Mo ní ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ṣé wọ́n ti bu epo sí i? Ó mi orí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo mọ̀ pé mo borí.

Ohun tí kò yé Rùfáì yé mi. Àbùlà ni wọ́n fi wo ẹ̀rọ náà dàgbà l'Ékòó, ojúlówó wá le jù fún un, bí ìgbà tí a gbé iyán fún ọmọ tí ẹ̀kọ mímu nìkan mọ́ lára. N kò bínú sí ọ.

Fi owó písítìnì ránṣẹ́, kí o fi owó ọbẹ̀ wa kún un. Ṣùgbọ́n dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí o rí nídìí àbùlà, kọ "ẹ̀rọ" sí i lára, wọ́n kúkú mọ ara wọn. Èyí tí o rí nínú òógùn rẹ, kọ "Bàbá" sí i. Ọlọ́hun yóò la ọ̀nà fún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní í gan. Tí ti Bàbá kò bá sì tó, bu díẹ̀ lára ti ẹ̀rọ lù ú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bádrù